Ọkọ Mi Fẹ́ Dín Oògùn Kíndìnrín Rẹ̀ Kù

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá wa apòògùn. Aṣọ ni mò ń tà ní Gbági. Wọ́n pààrọ̀ kíndìnrín fún ọkọ mi. Àbúrò rẹ̀ ló fún un ní ọ̀kan. Tacrolimus ló ń lò láàárọ̀ àti lálẹ́. Ara rẹ̀ gbóná lọ́sẹ̀ yìí, ìyá rẹ̀ se agbo ibà fún un, kẹ́míìsì àdúgbò sì fún un ní erythromycin nítorí ikọ́. Ọkọ mi ní ara òun ti le báyìí, tacrolimus náà sì wọ́n, pé òun fẹ́ dín in kù. Kí ni kí n ṣe? — Ìyá Ìbejì, Bódìjà, Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú. Bí ara rẹ̀ bá ṣì ń gbóná, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn dókítà tó ń tọ́jú kíndìnrín rẹ̀ lónìí. Tacrolimus ń ká àwọn ọmọ ogun ara lọ́wọ́ kò kí wọ́n má baà kọ kíndìnrín tuntun. Àwọn ọmọ ogun yìí kan náà ló ń bá àrùn jà. Ara gbígbóná tí ẹlòmíràn á sùn mọ́jú tí yóò sì lọ, ó lè jẹ́ àrùn ńlá lára tiẹ̀. Nílùú wa ńbí, kí ara ṣáà ti gbóná, ibà la ó pè é. Ẹ má pè é bẹ́ẹ̀ láìṣe àyẹ̀wò.

Ẹ mú páálí erythromycin yẹn dání. Ẹ̀dọ̀ ló ń fọ́ tacrolimus kúrò lára, erythromycin sì ń dí i lọ́wọ́, tí oògùn á fi kún inú ẹ̀jẹ̀: ọwọ́ á máa gbọ̀n, orí á máa fọ́, kíndìnrín tí a ń dáàbò bò gan-an á sì bàjẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni clarithromycin, fluconazole àti ọsàn gíréèpù. Rifampicin tí wọ́n fi ń wo ikọ́ ife ń lé tacrolimus kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ ní tiẹ̀. Ibuprofen, oògùn ara ríro, kò sì dára fún kíndìnrín rẹ̀ rárá.

Èmi kì í bú agbo. Dóńgóyárò àti ewé ìbẹ́pẹ ni wọ́n fi wo ibà tèmi nílé wa l'Ójé. Ṣùgbọ́n ta ló mọ ohun tí ìkòkò tòní máa ṣe sí tacrolimus? Ẹ rọra sọ fún ìyá ọkọ yín pé, “Màámi, kíndìnrín ọmọ yín là ń ṣọ́ o.” Wọ́n á gbọ́.

Ní ti pé ó fẹ́ dín in kù: oògùn náà ló jẹ́ kí ara rẹ̀ le. Ara lè ti máa kọ kíndìnrín náà láìsí ìrora kankan. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ fi hàn. Tí owó bá há, ẹ sọ fún dókítà. Ẹ má pààrọ̀ rẹ̀ sí ti ilé iṣẹ́ mìíràn fúnra yín, ẹ má sì fi èyí tí wọ́n ń lò lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ dípò ti ẹ̀ẹ̀mejì.

Ẹ yí aago fóònù rẹ̀ sí aago 8 àárọ̀ àti aago 8 alẹ́. Bó bá gbàgbé, kó má lo méjì pọ̀. Lọ́jọ́ àyẹ̀wò, kó má tíì lo ti àárọ̀. Kó fi sápò lọ, kó lò ó lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tán.