Ẹ má mú orin náà falẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ní àwọn èèyàn ń jó sí orin tí ẹ kọ nípa ikú àbúrò yín, tí ẹ wá ń béèrè bóyá kí ẹ mú un falẹ̀: ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ti ṣe é rí, mo sì kábàámọ̀ rẹ̀.

Ọdún tí ìyá mi ò dá mi mọ̀ mọ́ ni mo kọ orin kan. Ohùn tó bá a wá yá gágá, bí orin ọmọ iléèwé. Ojú tì mí. Ṣé àìsàn ìyá mi ni màá wá máa jó lé lórí? Mo bá sọ ọ́ di orin tó ń wọ́ nílẹ̀. Oṣù mẹ́rin la fi kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ní Peckham, ní London. Kí n tó dé ẹsẹ kejì, fóònù ti gba ọwọ́ gbogbo èèyàn. Èmi náà, ẹkún á ti dí mi lọ́fun. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mi ò lè parí rẹ̀.

Onígìtá wa ló ní kí n lọ tún "Pumped Up Kicks" gbọ́, orin Foster the People, àwọn ará Los Angeles, tó dé ipò kẹta lórí Billboard Hot 100, àtẹ orin Amẹ́ríkà, lọ́dún 2011. Mo ti jó sí i títí, mi ò mọ̀ pé ọmọkùnrin tó ń gbèrò láti yìnbọn pa àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Nínú ẹsẹ, ohùn Mark Foster, akọrin wọn, rẹlẹ̀, ó há, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ látinú fóònù àtijọ́. Ìgbà tí ègbè dé lohùn ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́lẹ̀. Inú ègbè yẹn gan-an ló gbé ìbọn àti ọta sí, níbi tí gbogbo èèyàn ti ń bá a kọrin!

Mo dá orin mi padà sí bó ṣe ń sáré tẹ́lẹ̀. Mo wá mú ohun tí ìyá mi bi mí lọ́jọ́ náà, "Ta ló bí ọ, ọmọ yìí?", mo gbé e sínú ègbè, níbi tí wọ́n ti ń pàtẹ́wọ́, a sì dá ìlù dúró síbẹ̀. (Ẹ ṣọ́ àmì ohùn o. Bí orin bá já wálẹ̀ lórí "bí", "bì" lẹ máa kọ, ọ̀rọ̀ á sì di ti èébì.) Alẹ́ tá a kọ́kọ́ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, obìnrin kan tó ń jó níwájú dúró gbagidi, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lókè. Ìlù padà wọlé, ó tún ń jó, omijé ń dà lójú rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ wá ọ̀rọ̀ tó wúwo jù nípa àbúrò yín, ẹ gbé e síbi tí wọ́n á ti bá yín gbè é. Ẹ gba orin náà sílẹ̀ sórí fóònù, kí ẹ jẹ́ kí ẹni tí ò gbọ́ ọ rí gbọ́ ọ. Bí kò bá lè tún ọ̀rọ̀ yẹn sọ, gìtá ló pọ̀ jù, ẹ dín in kù.