Ṣé ẹ̀rín àwọn sójà inú Life ṣeé gbà gbọ́?

Ìbéèrè: Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Iṣẹ́ àṣekágbá mi dá lórí bí ìwé ìròyìn Life ti Amẹ́ríkà ṣe fi ìdààmú ọkàn àwọn sójà hàn. Nínú àwọn ẹ̀dà ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì tí mo kà, ẹ̀rín ló pọ̀ lójú wọn. Ṣé ogun ò dà wọ́n láàmú ni?

Ìdáhùn: Ó dà wọ́n láàmú gan-an. Àwọn tó ń yẹ ìròyìn wò fún ìjọba ni kò jẹ́ kó hàn. Fọ́tò òkú sójà pàápàá, ìgbà tí Ààrẹ Roosevelt yọ̀ǹda ni Life tó gbé ti ayafọ́tò rẹ̀, George Strock, jáde, ní 20 oṣù kẹsàn-án 1943: òkú mẹ́ta létí òkun Buna ní New Guinea, a ò sì rí ojú ìkankan nínú wọn.

Ti ẹni tí ọkàn rẹ̀ dàrú tún le ju ti òkú lọ. Ní oṣù kẹjọ ọdún yẹn, Ọ̀gágun Patton ti Amẹ́ríkà gbá sójà méjì tí ogun ti da ọkàn wọn rú létí níbi tí wọ́n ti ń gbàtọ́jú ní Sicily, erékùṣù Ítálì, ó ní ojo ni wọ́n. Àwọn oníròyìn ibẹ̀ gbọ́, wọ́n panu mọ́. Ó di oṣù kọkànlá kí oníròyìn Drew Pearson tó tú u síta lórí rédíò.

Ẹ wá ẹ̀dà 11 oṣù kẹfà 1945. Life ti rán ayàwòrán Tom Lea tẹ̀lé àwọn Marine, ọmọ ogun Amẹ́ríkà tó ń jà láti orí omi, lọ sí erékùṣù Peleliu nínú òkun Pàsífíìkì ní 1944. Sójà kan tó yà níbẹ̀ lajú sílẹ̀ rangandan, bẹ́ẹ̀ ni kò wo nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ abẹ́ àwòrán ní ó ti pé oṣù 31 tó ti kúrò nílé, pé ìdá méjì nínú mẹ́ta ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ti kú tàbí fara gbọgbẹ́, pé yóò tún padà sójú ìjà láàárọ̀ yẹn. Wọ́n wá béèrè pé báwo ni ìyà tí ènìyàn lè fara dà ṣe pọ̀ tó. Ọwọ́ ni Lea fi yà á, kì í ṣe kámẹ́rà. Lójú tèmi, ìyẹn ló ràn án lọ́wọ́: kò sí ìyá tó máa rí i kó ké pé ọmọ òun nìyí.

Ẹ fi wé ẹ̀dà 16 oṣù kẹrin 1965, iṣẹ́ ayafọ́tò Larry Burrows nígbà ogun Vietnam, níbi tí ìjọba kì í ti í yẹ fọ́tò wò kó tó jáde. Lójú èèpo ìwé náà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń pariwo nínú hẹlikọ́pútà, awakọ̀ òfuurufú tó fara gbọgbẹ́ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí ìròyìn náà fi máa parí, ọ̀dọ́mọkùnrin náà ti padà sí ibùdó wọn, ó ń sunkún.

Àwọn ẹ̀dà náà wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí Google Books. Ẹ ka odindi, ìpolówó ọjà inú rẹ̀ pẹ̀lú, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí wọ́n ya fọ́tò sílẹ̀ lọ́tọ̀, ọjọ́ tó jáde lọ́tọ̀.