Báwo Ni Ẹni Jẹ́jẹ́ Ṣe Ń Dẹni Tó Lè Jà Lójú Ẹsẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, olùkọ́. Ó ti tó ìgbà díẹ̀ tí mo ti ń kọ́ bí èèyàn ṣe ń gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni ibi, wọ́n sì máa ń yìn mí ní kíláàsì pé ọwọ́ mi yá. Àmọ́ láìpẹ́ yìí, ọkùnrin àgbàlagbà kan tí n kò mọ̀ rí gbá ọwọ́ mi mú lórí àtẹ̀gùn, ó ní kí n tẹ̀ lé òun. Gbogbo ohun tí mo kọ́ fò lọ lórí mi. Ẹ̀rín ni mò ń rín, tí mò ń sọ pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú, mò ń kánjú ni.” Ọpẹ́lọpẹ́ àwọn kan tó ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀, ìgbà tó rí wọn ló tó fi mí sílẹ̀. Wọn ò tọ́ mi dàgbà láti máa fìjà pẹẹ́ta. Báwo ni mo ṣe lè yí ọkàn mi padà nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dójú ẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú ewu, arábìnrin mi. Inú mi dùn pé ẹ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ kì í ṣe ojo rárá. Bí ẹ̀rù bá ba èèyàn lójijì, ohun tó ti mọ́ ọn lára jù ló máa ń ṣe. Ìjà, ìgbà tí ẹ bá lọ sí kíláàsì nìkan lẹ ń jà á. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú”, àtàárọ̀ dalẹ́ lẹ ń sọ ọ́. Ìyẹn ló ṣáájú dé ẹnu yín.

Ẹni ibi mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì ń fi í ṣiṣẹ́. Púpọ̀ nínú wọn kì í kọ́kọ́ nawọ́ sí èèyàn. Yóò bèèrè ọ̀nà, yóò sún mọ́ yín ju bó ṣe yẹ lọ, yóò fọwọ́ kan yín léjìká bí ẹni ń ṣeré, kó lè mọ̀ bóyá ẹ máa gbà. Ẹ ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀, ó fèsì pé, “Ṣé olè ni mo jọ lójú yín ni?” Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ yín dùn ún. Ìtìjú ló fẹ́ fi dè yín, kí ẹ lè máa tọrọ àforíjì dípò kí ẹ máa lọ. Ọmọlúàbí tó gbọ́ “rárá” yóò yà fún yín. Ẹni tó gbọ́ ọ tó tún ń sún mọ́ yín ti sọ ohun tó bá wá.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń ní kí n kọ́ àwọn bí wọ́n ṣe lè bínú. N kì í kọ́ wọn. Ìbínú lè má tètè dé, tó bá sì dé, kò mọ ibi tó yẹ kó dúró. Ìpinnu tí èèyàn ti ṣe sílẹ̀ nígbà tí ara rọ̀ ọ́ ni mo fọkàn tán. Ẹ jókòó, ẹ mú bébà, kí ẹ kọ àwọn ohun tó jẹ́ pé bí ẹnikẹ́ni bá ṣe é, ọ̀wọ̀ ti tán láàárín yín. Fún àpẹẹrẹ: “Bí ẹnì kan bá fẹ́ wọ́ mi kúrò níbi tí èèyàn wà, màá pariwo, màá jà.” “Bí ẹnì kan bá dí ẹnu ọ̀nà mọ́ mi, tí mo ní kó yà, tí kò yà, màá fipá kọjá.” Owó àti fóònù kò sí lára rẹ̀ o, ẹ gbé e fún un kó máa lọ.

Ìdí tó fi gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ ṣáájú ni pé lásìkò ewu, èròjà ara tí wọ́n ń pè ní adrenaline á ya bo ẹ̀jẹ̀. Àyà á máa lù kìkì, ojú lè má rí ju iwájú gan-an lọ, etí lè dí, ìka á le débi pé kọ́kọ́rọ́ lásán á nira láti kì bọ ihò. Ibẹ̀ kọ́ ló yẹ kéèyàn ti máa rò ó pé, “Ṣé wọn ò ní pè mí láìlẹ́kọ̀ọ́?” Ní 1952, William Edmund Hick, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi ìdánwò hàn pé bí ohun tí èèyàn fẹ́ ṣà nínú wọn bá ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ìdáhùn rẹ̀ ṣe ń pẹ́ sí i. Ẹ jẹ́ kó ku ẹyọ ohun kan ṣoṣo tí ẹ máa ṣe.

Ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni ọ̀rọ̀ ọkàn yìí. Ní 2015, Charlene Senn, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde, èyí tí wọ́n ṣe láàárín àwọn obìnrin 893 ní yunifásítì mẹ́ta ní Kánádà. Wọ́n kọ́ àwọn kan ní wákàtí 12: bí wọ́n ṣe lè tètè fura, bí wọ́n ṣe lè borí ohun tó ń dá wọn dúró nínú ọkàn, pàápàá lọ́dọ̀ ọkùnrin tí wọ́n mọ̀, àti bí wọ́n ṣe lè jà. Ìwé pélébé ni àwọn yòókù rí gbà. Láàárín ọdún kan, nǹkan bí 5 nínú 100 àwọn tó gba ẹ̀kọ́ ni wọ́n fipá bá lò pọ̀. Nínú àwọn yòókù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 10.

Ohùn ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe. Ẹ dúró, ẹ na àtẹ́lẹwọ́ síwájú àyà, kí ẹ pariwo pé, “Fi mí sílẹ̀! Sún sẹ́yìn!” Kò sí “ẹ” níbẹ̀, kò sí “sà”, kò sí ẹ̀rín. Ẹ má sì ṣàlàyé pé ẹ ń kánjú, torí ẹni tí ẹ bá ṣàlàyé fún ti rí nǹkan bá yín jiyàn lé lórí. Lójú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, ó máa ń rọrùn láti gbá àpò ìdánrawò ju kí wọ́n fi “o” pe àgbàlagbà lọ. Títí yóò fi mọ́ ẹnu ni kí ẹ máa sọ ọ́. Bí ara bá sì kú tipiri, tó máa ń ṣẹlẹ̀ sí akọni náà, ẹ fi agbára mí síta, kí ẹ sún ẹsẹ̀ kan. Ohùn sábà máa ń tẹ̀ lé e.

Bí ẹ bá wá nawọ́, ẹ má ṣe é lábọ̀. Ìgbátí jẹ́jẹ́ kò ní dá a dúró, yóò kàn bí i nínú ni. Ẹ fi gbogbo agbára ṣe é títí àyè á fi là, kí ẹ sì sá. Níbi púpọ̀ láyé, òfin kò gbà kí èèyàn lo agbára ju ewu tó wà níwájú rẹ̀ lọ. Bó bá ti ṣubú tí ọ̀nà sì ṣí, ẹ máa lọ. Títa á nípàá lẹ́yìn ìyẹn ti di ẹjọ́ mìíràn. Ara lè máa gbọ̀n, ẹkún sì lè gbọ̀n yín lẹ́yìn náà. Kò burú. Ẹ lọ fi tó ọlọ́pàá létí.

Tí ẹ bá ti kọ bébà yẹn tán, ẹ mú un lọ fún olùkọ́ yín. Ẹ ní kó wọ ẹnì kan ní aṣọ tìmùtìmù, kó máa fi ọ̀rọ̀ dídùn sún mọ́ yín. Nígbà mìíràn kó kàn bèèrè ọ̀nà kó sì lọ, kí ẹ dá a lóhùn tìwà tìwà. Nígbà mìíràn kó gbá ọwọ́ yín mú láìsọ tẹ́lẹ̀.