Òkùnkùn tó ń pàdé ìyá wa lẹ́nu ọ̀dẹ̀dẹ̀

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Mọ̀pà ni à ń gbé. Ẹni ọdún 67 ni ìyá mi. Bí wọ́n bá sá èlùbọ́ tán lágbàlá, tí wọ́n sì wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ní ṣe ló máa ń dà bíi kí ẹnìkan da aṣọ dúdú bo àwọn lójú. Wọ́n ti ṣubú lẹ́ẹ̀mejì. Ẹnìkan tún wá sọ fún wọn pé òkùnkùn ilé wa kì í ṣe ojú lásán, láti ọjọ́ náà ni wọn kò ti fẹ́ dá wọlé mọ́. Ṣé òkùnkùn jẹ́ nǹkan tó dá dúró lóòótọ́? Ṣé ká ra gílóòbù tó tóbi ni, àbí awò ojú?

Ìdáhùn: Okun o. Ẹ kú ìtọ́jú ìyá, wọn á jẹun ọmọ pẹ́. Ẹ kọ́kọ́ bá mi sọ fún wọn pé mo gbà wọ́n gbọ́. Òkùnkùn tí wọ́n ń rí yẹn, wọ́n ń rí i lóòótọ́. Àmọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kò sí nínú ilé yín. Inú ojú wọn ló wà, ìta ni wọ́n sì ti ń gbé e wọlé.

Ẹ dán èyí wò lálẹ́ òní. Ẹ jókòó sínú yàrá, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú òsì dáadáa, kí ẹ tan iná fóònù sára ògiri, kí ẹ sì máa fi ojú ọ̀tún nìkan wò ó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ wá pa iná. Ẹ ṣí ojú òsì, kí ẹ bo ti ọ̀tún: ẹ óò rí àga, ẹ óò rí ojú fèrèsé. Ẹ pààrọ̀ wọn: dúdú kirikiri. Yàrá kan náà ni, alẹ́ kan náà ni. Ká ní nǹkan kan ló dúró sínú yàrá yẹn tó ń jẹ́ òkùnkùn, ojú méjèèjì ni ì bá rí i bákan náà. Ẹ jẹ́ kí ìyá náà dán an wò, kí ẹ jókòó tì wọ́n. Ó sàn ju kí èmi máa fi ẹnu ṣàlàyé lọ.

Òkùnkùn kò ní ara. A lè gbé àtùpà wọlé, kò sẹ́ni tó lè fi igbá gbọ́n òkùnkùn jáde. Ìmọ́lẹ̀ ló ń rìn, nǹkan bí 300,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Èyí tó ń tan sórí èlùbọ́ wọn ti kúrò lára oòrùn láti nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́jọ sẹ́yìn. Ibi tí nǹkan bá ti dínà mọ́ ọn là ń pè ní òkùnkùn. Àwọn tó ti gbọ́njú ní ọjọ́ 29 Oṣù Kẹta ọdún 2006 á rántí bí òṣùpá ṣe gba iwájú oòrùn kọjá. Òkùnkùn kankan kò ti ibì kankan wá lọ́jọ́ náà. Òṣùpá ló dúró sójú ọ̀nà, nígbà tó yẹra, ọ̀sán padà. Ojoojúmọ́ ni ògiri àti páànù ilé yín ń ṣe bíi ti òṣùpá yẹn.

Ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ kan wà tí à ń pè ní lux. Oòrùn ọ̀sán gangan lè tó 100,000 lux. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí kò ní fèrèsé lè má ju 10 lọ. Ẹsẹ̀ kan péré lẹ́nu ọ̀nà, ìmọ́lẹ̀ ti dín kù ní ìlọ́po 10,000. Ọmọlójú máa ń fẹ̀ sí i kí ìmọ́lẹ̀ lè ráyè wọlé, ṣùgbọ́n bó fẹ̀ títí, ìlọ́po 16 ni gbogbo agbára rẹ̀ mọ. Ibi tó kù sí, nǹkan bí aró kan tó wà lẹ́yìn inú ojú ló máa gbé e. Franz Boll, ará Jámánì, ló kíyè sí aró yìí nínú ojú ọ̀pọ̀lọ́ ní ọdún 1876. Ó ń pọ́n nínú òkùnkùn, tí ìmọ́lẹ̀ bá sì bà á, á ṣí, bí aṣọ tí wọ́n sá sóòrùn fún ọjọ́ pípẹ́. Gbogbo wákàtí tí ìyá yín fi wà nídìí èlùbọ́ funfun lábẹ́ oòrùn, aró náà ń ṣí ni. Kí ó tó kún padà tán, á tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ìṣẹ́jú díẹ̀ àkọ́kọ́ ló sì burú jù, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣubú.

Ọjọ́ orí náà wà níbẹ̀. Ọmọlójú àgbàlagbà kì í fẹ̀ tó ti ọmọdé mọ́, dígí inú ojú sì ti ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Ìmọ́lẹ̀ tó ń dé ẹ̀yìn ojú ẹni ọgọ́ta ọdún kò ju bí ìdá kan nínú mẹ́ta ti ẹni ogún ọdún lọ. Ní ibi tí mo ti ń yẹ ojú wò ní Kàbà, mo máa ń rí i bí ìyá àgbà ṣe máa dúró gbagidi lẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n á di férémù ilẹ̀kùn mú, tí ọmọ tó mú wọn wá á sì máa fà wọ́n lọ́wọ́ pé kí wọ́n máa bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fà wọ́n. Kò sí ọ̀lẹ níbẹ̀, ojú wọn ló ń pọn aró.

Nítorí náà, gílóòbù ńlá nìkan kọ́. Kí ìyá máa dé fìlà etí gbòòrò bí wọ́n bá ń sá nǹkan. Tó bá ku bí ìṣẹ́jú márùn-ún tí wọ́n máa wọlé, kí wọ́n jókòó sábẹ́ igi tàbí ìbòji, kí wọ́n fi ọwọ́ bo ojú kan. Ojú yẹn ni wọ́n máa ṣí bí wọ́n bá wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹ kun ògiri rẹ̀ ní funfun, torí ògiri tí èéfín ti pa dúdú ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì ni. Ẹ ní kí káfíńtà fi páànù kan tó mọ́ gaara bí ike pààrọ̀ ọ̀kan lórí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Èmi yóò ná owó sí èyí ṣáájú iná sólà.

Ti òru yàtọ̀. Ẹ tẹ́ aṣọ ìpo, aṣọ pupa ilẹ̀ Bùnú, sẹ́gbẹ̀ẹ́ ewé tútù nírọ̀lẹ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú tán, pupa rẹ̀ á ti di dúdú, ewé á ṣì máa hàn. Apá ojú tó ń ṣiṣẹ́ lálẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ mọ pupa, ìdí nìyẹn tí iná pupa kékeré kì í fi í ṣí aró náà. Irú rẹ̀ ni kí ẹ fi sọ́nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Epo pupa, ẹ̀fọ́, ẹyin àti ẹ̀dọ̀ ló ní fítámì A tí ojú fi ń pọn aró yìí. Ọmọdé tó bá ń táràrà nírọ̀lẹ́ nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sáré, ẹ gbé e wá kíákíá.

Awò ojú ńkọ́? N kò lè sọ ọ́ láìyẹ ojú wò. Tó bá ti lé ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí wọn kò tíì ríran, tó bá jẹ́ ojú kan ṣoṣo, tí wọ́n bá ń fi èjìká gbá nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí tí ẹnìkan nínú ẹbí bá ti fọ́jú rí, gilọkóòmà, àìsàn tó ń ba iṣan ìríran jẹ́, tàbí funfun inú ojú, ìyẹn dígí inú ojú tó ti ṣú, lè wà níbẹ̀. Bí ojú bá ń dùn wọ́n, tí wọ́n sì ń rí òṣùmàrè yí iná ká, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé wọn wá. Ẹ má kán omi ṣúgà, ìtọ̀ tàbí omi ọmú sí i.

Òwúrọ̀ ni kí ẹ mú wọn wá, kí ẹnìkan tẹ̀lé wọn, kí wọ́n mú fìlà náà dání. Oògùn tí a máa kán yóò fẹ ọmọlójú wọn fún wákàtí mélòó kan, oòrùn ọ̀nà Mọ̀pà á sì le fún wọn nígbà tí ẹ bá ń padà lọ.