Ṣé Ẹni Tó Bá Tẹ̀dó Sórí Ilẹ̀ Àdádó Lè Sọ Ọ́ Di Tirẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, mo gbọ́ pé ilẹ̀ kan wà láàárín Íjíbítì àti Sùdáánì tí orílẹ̀-èdè kankan kò pè ní tirẹ̀. Bí ènìyàn bá kọ́lé síbẹ̀, tó sì gbé ibẹ̀ pẹ́, ṣé kò ní di onílẹ̀ lábẹ́ òfin?

Ìdáhùn: Òótọ́ ni ẹ gbọ́. Bir Tawil ni wọ́n ń pe ilẹ̀ náà, ó sì tó nǹkan bíi 2,060 kìlómítà onígun mẹ́rin. Nígbà ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n pa ààlà méjì tí kò bára mu sí agbègbè náà, ọ̀kan ní ọdún 1899, èkejì ní ọdún 1902. Íjíbítì di ti àkọ́kọ́ mú, Sùdáánì di èkejì mú, nítorí pé ààlà tí kálukú wọn yàn ló fi Hala'ib tó wà létí Òkun Pupa sí ìkáwọ́ rẹ̀. Èyí tó bá ní òun ló ni Bir Tawil nínú wọn ti jọ̀wọ́ Hala'ib nìyẹn. Ní ọdún 2014, ará Amẹ́ríkà kan lọ ri àsíá mọ́lẹ̀ níbẹ̀ kí ọmọbìnrin rẹ̀ lè di ọmọ ọba, ṣùgbọ́n kò sí orílẹ̀-èdè tó kà á sí.

Ohun tó ń dùn mí ni bí a ṣe ń pe irú ibẹ̀ ní ilẹ̀ tí kò lẹ́ni, nígbà tí àwọn darandaran Ababda àti Bishari ti ń da ẹran níbẹ̀ láti ayébáyé. Ní ọdún 1975, Ilé-ẹjọ́ Àgbáyé sọ nípa Ìwọ̀-oòrùn Sàhárà pé kì í ṣe ilẹ̀ tí kò lólúwa nígbà tí Sípéènì gbà á, nítorí pé àwọn ẹ̀yà tó ń ṣí kiri níbẹ̀ ní ètò àti olórí tiwọn.

Òfin orílẹ̀-èdè ló ń sọ olùgbé di onílẹ̀, kì í ṣe pípẹ́ níbẹ̀ nìkan; níwọ̀n bí orílẹ̀-èdè kankan kò sì ti pe Bir Tawil ní tirẹ̀, kò sí òfin tó lè sọ ẹni tó bá kọ́lé síbẹ̀ di onílẹ̀. Ẹ wo bí ó ṣe rí níbi tí òfin wà. Òfin Amẹ́ríkà ti ọdún 1862 fún ẹni tó bá gbé orí ilẹ̀ ìjọba, tó sì fi ọdún márùn-ún dáko níbẹ̀, ní ilẹ̀ tó tó 160 éékà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ àwọn onílẹ̀ àtijọ́ ni ìjọba ti gba púpọ̀ nínú rẹ̀. Ọdún 1976 ni wọ́n fagi lé e, àfi ní Alaska, níbi tó ti wà títí di 1986. Ní England, ẹni tó bá lo ilẹ̀ tó ti wà nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ bí onílẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá, láìgba àṣẹ, lè bèèrè pé kí wọ́n kọ ọ́ sí orúkọ òun, ṣùgbọ́n wọn yóò ránṣẹ́ sí ẹni tó ni ín, bí onítọ̀hún bá sì takò ó, ọdún méjì wà fún un láti lé e kúrò.

Nítorí náà, kí ẹ tó ri òpó kan mọ́lẹ̀ níbikíbi, ẹ kọ́kọ́ wádìí orúkọ ẹni tó wà nínú ìwé ilẹ̀ náà, kí ẹ sì bi àwọn tó ń da ẹran gba ibẹ̀ kọjá léèrè.