Owó Ìrànwọ́ Pàjáwìrì fún Àwọn Ayálégbé

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹgbẹ́ wa kọ́ ilé oníyàrá kọ̀ọ̀kan sí ọ̀nà Ọ̀bà-Ilé fún àwọn opó àti oníṣẹ́ ọwọ́, owó tí apá wọn ká ni a sì ń gbà, kì í ṣe fún èrè. A fẹ́ ya owó kan sọ́tọ̀ fún ẹni tí ìṣòro òjijì bá dé bá. Báwo ni kí a ṣe gbé e kalẹ̀ tí kò fi ní dá ìjà sílẹ̀? Akọ̀wé ẹgbẹ́, Àkúrẹ́.

ÌDÁHÙN: Akọ̀wé wa, ẹ kú iṣẹ́ takuntakun. Ohun tó gba àròjinlẹ̀ jù níbẹ̀ ni pé ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ṣàánú náà ni onílé. Opó tó jẹ yín lówó ilé kò ní lè wá sọ pé ọmọ òun wà ní ilé ìwòsàn, nítorí ẹ̀rù yóò máa bà á pé gbèsè ni ẹ ó kọ́kọ́ bi òun. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹni tó ń gba owó ilé jókòó nínú ìgbìmọ̀ tí yóò máa pín owó náà, ẹ má sì yọ gbèsè kúrò nínú ohun tí ẹ bá fún ènìyàn. Bí ó bá jẹ́ owó ilé gan-an ni kò rí san, ẹ sún ọjọ́ rẹ̀ síwájú tàbí kí ẹ gbà á díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá fi owó ìrànwọ́ san án, àpò yín ló ti jáde, àpò yín náà ló padà sí.

Ẹ kọ ohun tí owó náà wà fún sílẹ̀: àìsàn, ìsìnkú, iná, odò Àlà tó ya wọlé. Páànù tí ìjì òjò àkọ́rọ̀ bá ṣí kò sí lára rẹ̀, ojúṣe onílé nìyẹn. Ẹrù tí òjò bà jẹ́ lábẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ wò. Aránṣọ tí omi wọ ẹ̀rọ rẹ̀ kò ní rí oúnjẹ jẹ títí a ó fi tún un ṣe, nítorí náà kí ìdáhùn má kọjá wákàtí 48. Ẹ má béèrè rìsíìtì lọ́wọ́ ẹni tí ilé rẹ̀ jóná. Kí ẹni méjì lọ fojú rí i, ó tó.

Ẹ fi ààlà sí iye tí ìdílé kan lè gbà lọ́dún, kí ẹ sì fi púpọ̀ nínú owó náà pamọ́ de ìgbà òjò. Nínú ìpàdé, iye owó tó jáde àti ohun tí a fi ṣe ni kí ẹ kà sétí àwọn ayálégbé, ẹ má dárúkọ ẹni tó gbà á.