Màmá mi fẹ́ rìn létí omi ní Àjàṣẹ́: ibo ni ká gbà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Láti Ìbàdàn la ti ń bọ̀ ní oṣù Kejìlá, a ó sun Àjàṣẹ́, ìyẹn Pọ́tò-Nófò ní orílẹ̀-èdè Benin. Màmá mi ti lé ní àádọ́rin ọdún, orúnkún ń yọ wọ́n lẹ́nu, àmọ́ wọ́n fẹ́ràn ìrìn. Àwọn ọmọ mi méjèèjì ò mọ̀ ju ẹyẹ lọ. Ṣé ibì kan wà létí òkun níbẹ̀ tí a ti lè rọra rìn, ká rí ẹyẹ, ká sì gbọ́ ìtàn èbúté ìlú náà?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìmúra o, ẹ bá mi kí Màmá. Iṣẹ́ amọ̀nà ni mò ń ṣe níbí, ìbéèrè yìí kì í sì í tán lẹ́nu àlejò. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́: Àjàṣẹ́ kò sí létí òkun. Ọ̀sà ló wà níwájú ìlú, ilẹ̀ iyanrìn ló sì la ọ̀sà àti òkun láàárín. Ìgbì ò sí níbẹ̀, iyanrìn ò sì ní máa rì mọ́ Màmá lẹ́sẹ̀, nítorí náà ìròyìn ayọ̀ ni fún orúnkún wọn.

Ohun kan náà ló ṣí ìtàn èbúté yìí. Ọkọ̀ ńlá òyìnbó ò lè dé ìlú. Wọ́n á dúró lójú òkun lápá Sèmè, ọkọ̀ ọlọ́pọ́n á kó ẹrù la ọ̀sà kọjá, wọ́n á rù ú gba orí iyanrìn, ọkọ̀ ọlọ́pọ́n mìíràn á tún gbé e la ìgbì lọ bá òyìnbó. Báyìí ni wọ́n ṣe kó ẹrú lọ. Nígbà tí Ọ̀yọ́ ṣì lágbára, ní nǹkan bí 1780, ọ̀nà Àjàṣẹ́ wà lára èyí tí wọ́n ń gbà jù, ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ló sì gba ibẹ̀ lọ láìpadà. Lẹ́yìn náà ni epo pupa gba ipò ẹrú. Omi ọ̀sà náà kò dá ìlú sí: ní 1861, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba inú rẹ̀ láti apá Èkó wá, wọ́n yin àgbá lu Àjàṣẹ́. Ọdún 1863 ni ọba Sodji bọ́ sábẹ́ ààbò Faransé.

Nísinsìnyí, bí ẹ ó ṣe rìn. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni ìlú dà lọ sí omi, orúnkún tó ń dunni kì í sì í fẹ́ ìsọ̀kalẹ̀. Ẹ wọ taksí lọ sísàlẹ̀ ní kùtùkùtù, kí oòrùn tó mú, kí ẹ máa rìn ní pẹrẹsẹ létí ọ̀sà, kí ẹ tún wọ taksí gòkè padà. Bí Màmá bá sọ pé ó tó, ó tó nìyẹn. Ọyẹ́ lè ti bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n mú ìborùn lọ́wọ́.

Kí àwọn ọmọ wo ewé tó léfòó lórí omi, tí òdòdó rẹ̀ dà bí àlùkò. Kì í ṣe ojúoró o, àjèjì ni. Omi òjò odò Wémè ló ń gbé e wá. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi iyọ̀ á gba ẹnu ọ̀nà tí Faransé là sí òkun ní Kútọnu ní 1885 wọlé, ewé náà á sì máa kú. Lórí rẹ̀ ni ẹ ti lè rí ẹyẹ aláwọ̀ ilẹ̀ pupa kan, iwájú orí rẹ̀ bí aró, ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn ju bó ti yẹ lọ, tó ń rìn lórí ewé láìrì. Ẹyẹ kejì, adúdú-òun-funfun, á dúró lójú kan lófuurufú, á máa gbọn ìyẹ́ kíkankíkan, á tẹ ẹnu sísàlẹ̀, lẹ́ẹ̀kan náà á já bá ẹja. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló ń tàsé, àwọn ọmọ á sì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀ka igi tí wọ́n gún sómi yíká bí ọgbà, àkájà ni. Ẹja ń sá wọ inú rẹ̀, ó ń jẹ ohun tó hù lára igi, títí apẹja á fi wá fi àwọ̀n yí i ká. Ẹ tọrọ àyè kí ẹ tó ya wọ́n ní fọ́tò.

Lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, ẹ lọ sí ààfin Honmè, músíọ̀mù ni báyìí. Ẹ wo mọ́sáláṣí ńlá tí àwọn Àgùdà, ọmọ àwọn tó bọ̀ láti Bùràsíìlì, kọ́ láàárín 1912 sí 1935. Ṣọ́ọ̀ṣì Bahia ní Bùràsíìlì ló jọ. Lójú tèmi, òun ló dára jù ní ìlú yìí, ọ̀dà rẹ̀ ì báà ṣí. Ẹ ò nílò ògbufọ̀: Gun ni wọ́n ń sọ jù, ṣùgbọ́n Yorùbá yín á tà lọ́jà.

Bí àwọn ọmọ bá takú pé òkun làwọn fẹ́, ọkọ̀ á gbé yín dé Sèmè. Ìjàpá òkun máa ń gòkè wá yé ẹyin síbẹ̀ lóru ní àsìkò yẹn. Bí ẹ bá pàdé rẹ̀, ẹ pa tọ́ọ̀ṣì, ẹ jìnnà sí i. Omi ibẹ̀ ń fani gan-an, ẹ má jẹ́ kí ọmọ wọ̀ ọ́ ju kókósẹ̀ lọ.